Ogun Èmi àti Eṣinṣin Àjà ní Ṣọ́ọ̀ṣì Soar

Àìkú, 6 Ọ̀wàrà

Wọ́n fẹ́ ti Soar pa. Alàgbà Pryce ló sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn àárọ̀, bó ṣe ń de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀, bí ẹni ń sọ pé òjò á rọ̀ lọ́la. Bí eṣinṣin kan ṣoṣo bá já lu akọrin lọ́jọ́ Plygain, ìsìn orin Kérésì àtijọ́ wa, nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, ó ní ó parí nìyẹn. Gbọ̀ngàn ìlú la ó ti máa kọ orin Kérésì wa láti ìgbà náà lọ, wọn á sì ta ṣọ́ọ̀ṣì, òun àti ilé tí wọ́n kọ́ mọ́ ọn lára. Ilé tí wọ́n kọ́ mọ́ ọn lára ni ilé mi. Ibẹ̀ ni mo ti ń tọ́jú Soar láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

"Heulwen, má bínú," ó ní. "Ìwọ kọ́ ló gbé eṣinṣin mì."

Òótọ́ ni, òun ló gbé e mì. Ní Plygain tó kọjá, ó wà láàárín ẹsẹ kẹta, ó la ẹnu gbàgà fún ohùn òkè, ni eṣinṣin bá já láti àjà, ó di ọ̀fun rẹ̀. A kì í dá orin dúró ní Plygain. Ó gbé e mì, ó sì kọ orin náà parí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo àfonífojì yìí ló ti fi rẹ́rìn-ín láti ìgbà náà. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́ nínú ìwé ara mi.

Mo sọ fún un pé kò sí eṣinṣin tó máa lé mi jáde nílé mi. Ó ní, "A ó rí i." Bẹ́ẹ̀ ni, a ó rí i.

Ìṣẹ́gun, 8 Ọ̀wàrà

Oòrùn yọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá òjò. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, wọ́n ti bo ògiri apá gúúsù. Àwọn yìí kì í ṣe eṣinṣin tó ń bà lé ẹran. Wọ́n tóbi díẹ̀, wọ́n lọ́ra, wọ́n ní irun wúrà léjìká, oòrùn ni wọ́n ń yá, ihò ni wọ́n sì ń wá, kí wọ́n lè wọ àjà lọ sun òtútù já. Mo mú ìgbálẹ̀ tó ní ọ̀pá gígùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í na ògiri.

Tudur ń gbé kátakátà rẹ̀ kọjá, ó sì pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Oko àgùntàn rẹ̀ ló yí ṣọ́ọ̀ṣì ká. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì dàgbà.

"Àǹtí Heulwen! Kí ni ògiri ṣe fún yín?"

"Máa rẹ́rìn-ín. Inú oko rẹ ni wọ́n ti ń wá."

"Ẹran ọ̀sìn mi ni wọ́n, àbí? Inú ekòló oko mi ni ìdin wọn ti jẹun yó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra nà wọ́n."

Nígbà tó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì na ibi tí ọwọ́ mi kò tó. Ó ní bí wọ́n bá ta Soar, ará ìlú ńlá kan ló máa rà á, á sì gbé ọpọ́n ìwẹ̀ sórí àga ìwàásù. Mo ní kó máa nà án lọ.

Ẹtì, 11 Ọ̀wàrà

Ọkùnrin tó máa ń pa kòkòrò wá láti ìlú. Ó gun àkàbà wọ àjà lọ pẹ̀lú iná lórí, kò sì pẹ́ rárá tó fi sọ̀ kalẹ̀. Ó ní òun ò lè fín nǹkan kan síbẹ̀. Àdán mẹ́fà ló ń gbé lókè, òfin sì ń dáàbò bo àdán. Ẹni tó bá fín oògùn sí àjà wọn, ilé ẹjọ́ ló ń lọ.

Mo bi í pé òfin wo ló ń dáàbò bo èmi. Ó wo bàtà rẹ̀.

Ó ṣáà gbà mí nímọ̀ràn kí n tó fún un ní tíì: kí n fi pọ́tì dí gbogbo ihò tó ti àjà wá sínú ilé, kí n sì máa fi ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ fa àwọn tó bá wọlé, kí n má tẹ̀ wọ́n pa, torí ọ̀rá ara wọn kì í kúrò lára ògiri. Àdán ní òfin, Heulwen ní pọ́tì àti ẹ̀rọ ìgbálẹ̀. Kò burú.

Àbámẹ́ta, 19 Ọ̀wàrà

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko lórí àkàbà. Mo ti fi pọ́tì dí etí àjà yíká, apá ṣọ́ọ̀ṣì àti apá ilé. Ibi tí wáyà iná ti wọlé, mo dí i. Ihò tí okùn aago ń gbà, mo fi ìbọ̀sẹ̀ Delyth àbúrò mi dí i. Ó ní ìbọ̀sẹ̀ tí òun fẹ́ràn jù ni. Mo ní kó máa gbéra ga pé ó wà nínú iṣẹ́ Olúwa.

Ibì kan ṣoṣo ló kọjá agbára mi: pákó òkè gọ̀bì, ibi tí òrùlé ti ṣe ṣóńṣó, lókè àwọn fèrèsé gíga. Ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlógún ni láti ilẹ̀. Àkàbà mi kò dé ibẹ̀, ti Tudur náà kò dé ibẹ̀. Orúnkún ń ro mí. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí, èmi kì í ṣe ológbò.

Àìkú, 3 Bélú

Òjò. Kò sí ọ̀kankan. Alàgbà Pryce gbójú sókè ní gbogbo ìgbà àdúrà.

Àìkú, 17 Bélú

Oòrùn tún yọ, mo sì ti tan hítà láti àárọ̀ fún ìsìn. Láàárín ìwàásù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti òkè gọ̀bì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yí lórí ẹ̀yìn wọn láàárín àga. Ọ̀kan bọ́ sínú fìlà Alàgbà Pryce tó gbé sẹ́bàá rẹ̀. Ó gbọn fìlà náà, ó kàn wò mí.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo fi ẹ̀rọ fa èyí tó wà nílẹ̀, àpò kan kún. Àwọn tó wà lójú fèrèsé gíga ń pariwo lórí gíláàsì, ọwọ́ mi kò sì tó wọn. Mo jókòó sórí àga iwájú, mo bú wọn ní gbogbo orúkọ tí màmá mi kò fẹ́ kí n mọ̀. Àpò ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ ti di pọ́n-ùn mẹ́sàn-án fún márùn-ún. Nígbà tí mo sì ń da èyí tó kún nù, ó ń rùn bí oyin tó ti bà jẹ́. Gbogbo ilé ìdáná mi gba òórùn náà.

Delyth pè mí lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Yàrá wà. Ilé mi gbóná."

"Ta ló sọ pé mo ń lọ?"

"Mi ò sọ pé ẹ ń lọ. Mo ní bí wọ́n bá..."

"Wọn ò ní tì í."

Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dáa. Ọjọ́ wo la máa bẹ̀rẹ̀ ìmúra orin?" Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ọmọ yìí.

Àìkú, 1 Ọ̀pẹ

Ìmúra orin nínú ilé ìdáná mi: èmi, Delyth, Tudur. Ìwé orin màmá wa wà lórí tábìlì. A ní láti mọ orin mẹ́rin ká tó lè kọ méjì, torí kò sẹ́ni tó ń kéde ohun tó fẹ́ kọ, bí ẹlòmíì bá sì ti kọ orin kan ṣíwájú rẹ, ìwọ ò gbọdọ̀ kọ ọ́ mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn ará òkè odò kọ orin wa méjèèjì tẹ̀ léra. Delyth kò tíì dárí jì wọ́n.

Tudur kọ ohùn ìsàlẹ̀ dáadáa nígbà tí kò jẹ búrẹ́dì èso. Ó jẹ ègé márùn-ún.

Àìkú, 15 Ọ̀pẹ

Ẹ̀rọ hítà kọṣẹ́ látàná, alátùn-únṣe kò lè wá títí di Ọjọ́rú. A ṣe ìsìn pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, èémí gbogbo wa hàn lẹ́nu wa. Àwa mọ́kànlá péré ni. Alàgbà Pryce ń gbọ̀n.

Kò sí eṣinṣin kankan. Oòrùn ràn o, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò já.

Àìkú, 22 Ọ̀pẹ

Wọ́n ti tún hítà ṣe. Mo tàn án láti Ẹtì, kí ibẹ̀ lè gbóná fún ìsìn Kérésì àwọn ọmọdé. Eṣinṣin mọ́kànlélọ́gọ́ta. Mo kà wọ́n bí mo ṣe ń fà wọ́n.

Mo dúró pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Èmi ni. Èmi ni mo ń jí wọn. Wọ́n ń sùn lókè pákó yẹn nínú òtútù bí òkúta, wọn ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ni Heulwen á wá tan iná lábẹ́ wọn fún ọjọ́ méjì. Láti ayé bàbá mi ni a ti ń tan hítà lọ́jọ́ Ẹtì ṣáájú Plygain, kí ọ̀fun àwọn àgbà má bàa dì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń fi ọwọ́ ara mi tẹ bọ́tìnnì yẹn, tí mo ń rò pé inúure ni mò ń ṣe. Ojú tì mí. Inú bí mi. Lẹ́yìn náà, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀.

Ajé, 23 Ọ̀pẹ

Mo lọ bá Alàgbà Pryce nílé. Mo ní ooru ló ń jí eṣinṣin, a ò ní tan hítà rárá lọ́jọ́ Plygain.

"Ṣé o fẹ́ pa àwọn àgbà ni?" ó ní. "Màmá Olwen ti pé ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún!"

"Alàgbà, àwọn baba ńlá wa dìde ní aago mẹ́ta òru láti kọ orin yìí. Omi ń dì nínú garawa. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún wa nílé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi."

"Àwọn baba ńlá wa kú kí wọ́n tó pé ọgọ́ta ọdún."

"Wọ́n kọrin kí wọ́n tó kú, sà."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín láti ilé ìdáná. Ìyẹn ló gbà mí là, mo rò. Alàgbà ní ó dáa, kí òtútù mú wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ eṣinṣin kan ṣoṣo kò yí padà. Mo ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ọjọ́rú, 1 Ṣẹ́rẹ́

Yìnyín bo òkè. Mo wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, mo jókòó fún wákàtí kan nínú òtútù, mo ń gbọ́. Kò sí ìró kankan lókè. Mo kí wọn kú ọdún tuntun, mo sì ní kí wọ́n máa sùn.

Àbámẹ́ta, 11 Ṣẹ́rẹ́

Ìkọ̀wé mi kò ní dára lónìí.

Mo lọ sí ìlú ní àárọ̀ láti ra ẹran fún oúnjẹ ẹ̀yìn Plygain. Mo padà dé ní aago mẹ́ta. Mo ṣí ilẹ̀kùn tó ti ilé ìdáná mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì láti gbé àga, ooru sì lù mí lójú. Hítà ń ṣiṣẹ́, gbogbo rẹ̀. Mo gbójú sókè. Wọ́n ti jí. Wọ́n ń rìn lórí pákó, wọ́n kún ojú fèrèsé gíga, ariwo wọn dà bí ìkòkò tó fẹ́ hó.

Alàgbà Pryce wà níbẹ̀, ó ń to ìwé orin. Ó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, láti àárọ̀ ló ti tàn án.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ti Soar pa ni?" Mo pariwo mọ́ ọn. Mi ò pariwo mọ́ ọkùnrin yìí rí láyé mi. "Ẹ kúkú sọ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n tì í!"

Ó gbójú sókè, ẹnu rẹ̀ sì là. Mo rí i pé kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, pé ó ti rò pé àlàyé mi nípa ooru kàn jẹ́ agídí ni.

"Màmá Olwen ń wúkọ́," ó ní. "Mo rò pé wákàtí díẹ̀... Heulwen, mi ò fẹ́ kí wọ́n tì í. Ibí ni mo ti ṣègbéyàwó."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ wá sọ pé ẹ máa tì í?"

Ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ. Mo pa hítà. Mo sunkún lórí ẹran náà, torí inú ń bí mi, torí ó rẹ̀ mí, torí ilé mi ni. Nígbà tí mo sunkún tán, mo jókòó, mo sì wo fèrèsé ilé ìdáná mi, níbi tí eṣinṣin bíi mélòó kan tó tẹ̀ lé mi jáde ti ń fi orí lu gíláàsì. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wá.

Mo pe Tudur. Mo bi í bóyá ó ṣẹ́kù nínú ọ̀rá dúdú tó fi ń wé koríko àgùntàn rẹ̀.

"Mélòó lẹ fẹ́?"

"Èyí tó máa bo gbogbo fèrèsé Soar láti ìta."

"Àǹtí, ṣé ẹnì kan kú ni?"

"Rárá o. Wá ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la."

Àìkú, 12 Ṣẹ́rẹ́: Plygain

Mo kọ èyí lẹ́yìn oúnjẹ, pẹ̀lú kóòtù mi lọ́rùn. Ọlọ́run fún wa ní oòrùn ní àárọ̀, oòrùn gidi, ó wọlé tààrà láti fèrèsé ilé ìdáná mi.

Tudur gbé ẹ̀rọ agbẹ́rù iwájú kátakátà rẹ̀ wá, ó fi gun ògiri, ó sì fi ọ̀rá dúdú bo àwọn fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú Soar ṣókùnkùn biribiri, ooru àná sì ṣì wà lókè. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi gbayawu. Ilẹ̀kùn yẹn nìkan ni ìmọ́lẹ̀ tó kù nínú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì.

Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí nǹkan kan. Tudur ti ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan wọlé, ó rọra fò kọjá etí mi, ó bà lé gíláàsì. Lẹ́yìn rẹ̀, márùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò lè kà wọ́n mọ́. Wọ́n ń wọlé bí àwọn ìyàwó ilé tó gbọ́ pé owó ọjà ti wálẹ̀, wọ́n bo fèrèsé, wọ́n bo òkè àwo, wọ́n bo kálẹ́ńdà, wọ́n bo fọ́tò ìgbéyàwó mi. Mo dúró láàárín wọn pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbálẹ̀.

"Àǹtí, wọ́n wà nínú irun yín!" Tudur ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà, kò sì wọlé.

"Jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀! Ẹ máa bọ̀! Ẹ káàbọ̀, gbogbo yín!"

Àpò méje. Láti aago mẹ́sàn-án títí di aago kan ọ̀sán. Nígbà tó di aago méjì, kò sí ọ̀kan tó ń wọlé mọ́, ṣọ́ọ̀ṣì sì ti tutù padà. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi aṣọ inura dí ìsàlẹ̀ rẹ̀, Tudur sì tú ọ̀rá rẹ̀. Èyí tó bá kù nínú pákó ti padà sùn. Àwọn tó kù nínú ilé ìdáná, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù àti nínú kọ́tìnnì, tèmi ni wọ́n.

Aago mẹ́fà àbọ̀, Soar kún. Àbẹ́là nìkan la tàn. Mo ti kó gbogbo kúbùsù orí ibùsùn mi fún àwọn àgbà, mo sì gbé rọ́bà omi gbígbóná méjì lé Màmá Olwen lẹ́sẹ̀. Ó ní òun kò tíì gbádùn ara òun tó báyìí láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú. Kò wúkọ́ rárá.

Àwọn ará òkè odò kọ orin wa kejì. Delyth fi ìgúnpá gún mi débi pé ó dùn mí. A kọ orin kẹrin, èyí tí a kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀, Tudur kò sì tíì jẹ búrẹ́dì. Mi ò gbọ́ ohùn wa kó dára bẹ́ẹ̀ rí. Nínú òtútù, orin máa ń lọ tààrà.

Nígbà tó kan Alàgbà Pryce, ó dìde òun nìkan, ó gbé ìwé orin bàbá rẹ̀ dání. Ẹsẹ kẹta, orin kan náà, ibi kan náà. Mo rí i kí ẹnikẹ́ni tó rí i: ọ̀kan ṣoṣo, láti òkè gọ̀bì, ó yí bọ́ nínú ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là. Ó já sórí ìwé tó ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Alàgbà Pryce wò ó. Ó wò mí. Ẹnu rẹ̀ kò dúró nínú orin.

Ó pa ìwé náà dé. Ó kọ ẹsẹ tó kù láì wò ó.

Nígbà tí a fẹ́ jẹun nínú yàrá ẹ̀kọ́, Delyth gbé ìkòkò tíì, ó ń lọ sí ilé ìdáná mi. Mo ní, "Má wọ ibẹ̀ o." Ó wọ ibẹ̀. Gbogbo ìjọ gbọ́ igbe rẹ̀.

Ajé, 13 Ṣẹ́rẹ́

Ìpàdé àwọn alàgbà, aago mẹ́wàá. Wọ́n ní kí èmi náà jókòó. Akọ̀wé ka ọ̀rọ̀ oṣù Ọ̀wàrà jáde: bí eṣinṣin kan ṣoṣo bá já lu akọrin. Gbogbo ojú yí sí Alàgbà Pryce.

Ìwé bàbá rẹ̀ wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Ó ṣí i sí ibi tó ti pa á dé lánàá. Eṣinṣin náà ti pẹlẹbẹ lórí ẹsẹ kẹta. Láti ibi tí mo jókòó, mo rí irun wúrà èjìká rẹ̀.

Ó fẹ́ ẹ dànù lórí ìwé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ìwé má bàa ya.

"Ẹ̀yin ẹ gbọ́," ó ní, "akọrin ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọn ò kọ ìwé orin. Ta ló ní ọ̀rọ̀ lórí títì?"

Kò sẹ́ni tó ní.

Ìṣẹ́gun, 14 Ṣẹ́rẹ́

Eṣinṣin wà nínú tíì mi láàárọ̀ yìí. Mo fi ṣíbí yọ ọ́, mo sì mu tíì náà nílé mi.